Ife Mẹ́ta Nínú Yàrá Pupa

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe, tí ó bá sọ ọ́ fún ènìyàn, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi í rín. Wọ́n á ní, "Ṣé ká sọ pé wọ́n ń sanwó fún ọ kó o máa jẹun?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rín in tán á wá rọra bi í bóyá àyè iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, pé àbúrò òun kan wà nílé tó mọ oúnjẹ jẹ gan-an.

Atọ́wò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá ń fi í pè é bí inú rẹ̀ bá dùn. Ilé ìtajà ńlá kan ló gbà á, irú èyí tí ènìyàn ti lè ra ọṣẹ, bàtà àti búrẹ́dì lábẹ́ òrùlé kan náà. Ilé ìtajà yìí kì í ta ọjà ọlọ́jà nìkan. Ó ní tirẹ̀ tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí: ṣúgà tirẹ̀, mílíìkì tirẹ̀, bísíkíìtì tirẹ̀, gbogbo wọn nínú ọ̀rá funfun tí kò ní àwòrán kankan lára. Wọ́n to àwọn ọjà olórúkọ sókè níbi tí ojú ti ń tètè rí wọn, wọ́n wá to ti ilé ìtajà sísàlẹ̀, níbi tí ènìyàn ti ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má lọ rí i. Mo ti rí àwọn tó wọ agbádá tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ Atọ́wò ni láti sọ bí ohun inú ọ̀rá funfun ṣe jìnnà sí olórúkọ tó, kí wọ́n lè máa tún un ṣe títí á fi bá a mu.

Yàrá kékeré kan wà lókè ilé ìtajà náà, lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé. Wọ́n fi pákó pín in sí ìjókòó ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tan iná pupa sí i, kí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò má baà fi àwọ̀ dá a mọ̀. Nínú iná yẹn, omi pupa ni, mílíìkì pupa ni, ọwọ́ ènìyàn gan-an pupa ni. Fèrèsé kékeré kan wà níwájú Atọ́wò. Á ṣí, ọwọ́ kan tí kò mọ ẹni tó ni ín á ti ife mẹ́ta sí i, fèrèsé á sì padé. Nínú ife mẹ́ta yẹn, ohun kan náà ló wà nínú méjì, ọ̀kan yàtọ̀. Kí ó mú èyí tó yàtọ̀, kí ó sì sọ ohun tó fi yàtọ̀. Kò sí ìbéèrè míì.

Ibẹ̀ máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Atọ́wò á fi omi yọ́nu, á jẹ búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ kí adùn àtẹ̀yìnwá lè kúrò lẹ́nu rẹ̀, á gbé ife, á di ojú. Ara rẹ̀ á wá fúyẹ́. Kì í ronú rárá, nǹkan ló máa ń wá bá a. Bọ́tà kan lè gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀. Jáàmù kan á mú un wọ yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ rẹ̀, tí aṣọ fèrèsé ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ti mu omi ọsàn kan rí tó jẹ́ pé ìró àtẹ̀gùn onírin ló ń gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Bó bá la ojú, á fa ife kan síwájú, á ní, "Èyí." Ó ṣọ̀wọ́n kó ṣì í mú. Kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Àmọ́ iṣẹ́ náà lófin. Kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà. Kò gbọdọ̀ jẹ ata láàárọ̀. Ọṣẹ tó fi ń wẹ̀ àti ìpara tó fi ń para kò gbọdọ̀ ní òórùn kankan. Bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, afẹ́fẹ́ lásán ni. Nǹkan kékeré nìyẹn lójú àgbà. Ọmọ tó ń wá ìyá rẹ̀ nínú òórùn aṣọ kò ní kà á sí kékeré.

Ó ti dàgbà díẹ̀ kó tó lọ́kọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ọkọ rẹ̀ ń tún ṣe, ti yàrá pupa ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan tí ó fi gbé àkàbà wá. Ó bá obìnrin kan tó dijú níwájú ife mẹ́ta, ó rò pé àárẹ̀ ló mú un, ó lọ bu omi wá. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó ọkùnrin náà àkọ́kọ́ ti kú, ó sì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà nítorí bí ara rẹ̀ ṣe rí. Nígbà tí Atọ́wò wọlé, àwàdà ni orúkọ yẹn. Kò pẹ́ tí kò fi pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í ṣe aláìgbọràn. Ká ní ó ń jà ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Láàárọ̀, á ní "Ẹ káàárọ̀ mà," á gba ife tíì kòkó lọ́wọ́ Atọ́wò, á fi kan ètè, á sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbé ẹyin.

"Kì í ṣe èyí."

Á gbé báàgì rẹ̀, á lọ sílé ìwé ní inú òfìfo. Bó bá dé ní ọ̀sán, á fi ṣíbí ro oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àwo, á tún rò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ wà, tíì àárọ̀ yẹn ló máa ń ṣí inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á pò ó láti inú agolo pupa kan tí wọ́n ya ẹṣin funfun sí lára. Ẹlẹ́ṣin ni gbogbo ayé ń pè é, kò sì sí tíì tó lórúkọ tó o. Agolo náà ṣì wà lórí pẹpẹ kíṣìnnì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú díẹ̀. Atọ́wò kò gbé e kúrò. Ó lọ ra Ẹlẹ́ṣin tuntun, ó dà á sínú agolo ìyá náà, ó pò ó.

"Kì í ṣe èyí."

Ó fi mílíìkì kún un. Ó dín omi kù. Ó se mílíìkì náà kó tó dà á sí i. Ó jẹ́ kó tutù díẹ̀, ó jẹ́ kó gbóná janjan. "Kì í ṣe èyí, mà." Odidi ilé ìtajà gbẹ́kẹ̀ lé ahọ́n obìnrin yìí, ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ ló wá ń dá ife padà fún un nílé ara rẹ̀. Ó dùn ún wọra.

"Àgídí lásán ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Fi í sílẹ̀. Ebi á pa á, á jẹun." Ṣùgbọ́n Atọ́wò rí i bí ó ṣe ń wo egungun ẹ̀yìn ọrùn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà tẹ̀ ba láti di okùn bàtà. Kò sọ ti àgídí mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó kù tí ẹ ó mọ̀ ni Ìyá Àgbà, ìyá olóògbé. Aránṣọ ni kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, kò sì tíì ṣíwọ́ àti máa wọn ènìyàn. Bó ṣe wọlé lọ́jọ́ tó wá, ó fi ìka méjì yí ọrùn ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ká. Ìka náà pàdé, àyè sì tún kù. Ó ju ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Ìyàwó, kí lo ń fún ọmọ yìí jẹ?"

"Gbogbo nǹkan ni mà. Kì í jẹ ẹ́ ni."

"Tíì wo lo ń pò fún un?"

"Ẹlẹ́ṣin ni mà."

Ìyá Àgbà yíjú wo orí pẹpẹ. Ọ̀rá funfun bíi mélòó kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣúgà àti ìyẹ̀fun tí Atọ́wò rà bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

"Má tàn mí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ayédèrú! Ọmọ tèmi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, òríjínà ló ń rà. Títí ó fi kú, ọ̀rá kankan ò wọ kíṣìnnì yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Mà, kì í ṣe ayédèrú. Ti ilé ìtajà ni. Kò sóhun tó ṣe é."

"Ohun tí ò lórúkọ ni mò ń bá ọ sọ." Ó kọjú sí àna rẹ̀. "Tí wọ́n bá ti gba ọlidé, mò ń bọ̀. Bí mo bá bá ọmọ yìí báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ọjọ́ náà lọ. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A ti gbọ́ mà," ni ọkọ Atọ́wò wí. Ó ń wo ilẹ̀.

Atọ́wò dúró ní kíṣìnnì títí Ìyá Àgbà fi lọ. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ràn ọmọ náà, òun náà kò sì tíì bi ara rẹ̀ léèrè. Ìgbà yẹn ló mọ̀. Ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń kọrin sínú bó bá ń wá bàtà. Ó fẹ́ràn ìwé tó máa ń ká pẹlẹbẹ sórí àga, tí ènìyàn á jókòó lé láìmọ̀. Bí wọ́n bá mú un lọ, ilé náà á di ilé àgbà méjì tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ìró fíríìjì. Kò fẹ́ kó lọ. Ó sọ ọ́ sókè fún agolo pupa náà: "Mi ò fẹ́ kó lọ."

Ní ọjọ́ Sátidé, ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Atọ́wò ronú sí i pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀: ṣé ahọ́n ọmọ yìí ló ń kọ tíì ni, àbí ọkàn rẹ̀? Bó bá jẹ́ ọkàn ni, kò sí tíì tó lè wò ó. Ó mú aṣọ pupa kan, ó ta á dí fèrèsé kíṣìnnì. Oòrùn àárọ̀ gba inú rẹ̀ wọlé, gbogbo nǹkan sì pọ́n: ìkòkò, ògiri, ìyẹ̀fun tó dà sórí tábìlì. Ìró àdúgbò wá jìnnà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti yí padà, ó sì wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Báyìí ni ibi iṣẹ́ mi ṣe rí," ni Atọ́wò wí.

"Ṣé kì í bà yín lẹ́rù?"

"Rárá. Jókòó. Ife mẹ́ta rèé. Méjì bára mu, ọ̀kan ò bá wọn mu. Ìwọ ni kó o sọ èyí tó yàtọ̀. Kò dìgbà tó o bá mu ún tán."

Ẹlẹ́ṣin ló wà nínú méjì. Tíì inú ọ̀rá ilé ìtajà ló wà nínú ẹ̀kẹta. Ọmọ náà gun àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó fi ètè kan èyí àkọ́kọ́, ó fi kan èkejì, ó fi kan ẹ̀kẹta. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó di ojú.

"Èyí," ló wí. Ti inú ọ̀rá ló mú. Àyà Atọ́wò já, nítorí pé nínú àwọn àgbà tó ń gba owó oṣù níbi iṣẹ́, kò sí ẹni tó tún lè mú un, títí kan òun fúnra rẹ̀. "Èyí sún mọ́ ọn díẹ̀."

"Ó sún mọ́ kí ni?"

"Ti Mọ́mì mi." Ó tún tọ́ ọ wò. "Àmọ́ ó ti dùn jù. Ti Mọ́mì máa ń jóná díẹ̀ nísàlẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ sì máa ń wà létí rẹ̀."

Atọ́wò fi ọwọ́ di etí tábìlì mú. Ó jóná nísàlẹ̀, iyọ̀ wà létí rẹ̀. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, nínú yàrá pupa, nípa tíì inú ọ̀rá bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, níbo ni Mọ́mì ti ń rí tíì tó ń dà sínú agolo yẹn?"

Ọmọ náà wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo aṣọ pupa tó wà lójú fèrèsé, bóyá ó lè bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó ní kí n má sọ fún Màmá Àgbà."

"Èmi kì í ṣe Màmá Àgbà."

"Ó máa ń gé ọ̀rá, á dà á sínú agolo. Á wá gbé ọ̀rá yẹn sísàlẹ̀ ìdọ̀tí, á da èèpo nǹkan bò ó. Ó ní tí Màmá Àgbà bá mọ̀, wọ́n á sunkún."

Wàyí o, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ náà ṣèlérí fún ìyá rẹ̀, ìyá kú, kò sí ẹni tó lè tú ìlérí náà mọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé Ẹlẹ́ṣin òríjínà síwájú rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé èyí ni ti ìyá rẹ̀. Kí ló lè sọ? Ó sọ ìwọ̀nba tí kò ní tú àṣírí: kì í ṣe èyí.

Atọ́wò lè panu mọ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sọ òótọ́ tirẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n yí i padà," ló wí. "Tíì Mọ́mì rẹ. Wọ́n ní kí n wá ohun tó fi yàtọ̀ sí Ẹlẹ́ṣin. Mo wá a, mo sì rí i. Wọ́n mú gbogbo rẹ̀ kúrò."

"Ṣé ó burú ni?"

"Kò burú."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá mú un kúrò?"

"Torí pé ó yàtọ̀." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ bí ó ṣe dún. Ojú tì í gidi.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rò ó. Inú kò bí i, ó kàn ń rò ó bí ọmọdé ṣe ń ro nǹkan tí wọ́n bá gbé sí ibi tí kò yẹ.

"Ẹ dá a padà," ló wí.

Lọ́jọ́ Ajé, Atọ́wò tọ ọ̀gá yàrá lọ, ọkùnrin kan tó máa ń wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó bi í bóyá ó ṣeé ṣe kí tíì àtijọ́ padà, tàbí kí díẹ̀ ṣì kù níbì kan.

"Ìwọ?" ni ọ̀gá wí. "Ìwọ tó o ní ó jóná, tó o ní àgbàdo ni wọ́n fi rọ́pò ọkà bálì? A ti dà á nù tipẹ́. Ọjọ́ tí a gbé ife mẹ́ta síwájú rẹ tó ò mọ èyí tó yàtọ̀ mọ́, ṣé o rántí pé a ra kéèkì?"

Ó rántí. Ó tiẹ̀ jẹ ẹ̀ẹ̀mejì.

Kò sí ibòmíì tí tíì náà ṣẹ́ kù sí ju orí ahọ́n rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ibẹ̀ ló ti lọ wá a. Ohun tó fi odidi ọdún kan yọ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní kíṣìnnì ara rẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé. Ó yan lẹ́búlẹ́bú kòkó nínú páànù gbígbẹ lórí iná tí kò pọ̀, títí òórùn rẹ̀ á fi yí padà. Ó sun àgbàdo kó dúdú díẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ bu iyọ̀. Aṣọ pupa á wà lójú fèrèsé, èéfín á máa yí lókè wọn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á jókòó sórí àga bí adájọ́, ife mẹ́ta á wà níwájú rẹ̀.

"Èyí jóná jù. Ẹ ti sun ún kú."

"Ó dáa. Èyí ńkọ́?"

"Èyí ń parọ́."

"Tíì wo ló ń parọ́?"

"Ó kọ́kọ́ dà bíi ti Mọ́mì, ó wá sá lọ."

Atọ́wò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ṣubú fún ẹ̀rín. Àwọn akọ̀wé níbi iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ nípa oúnjẹ láti ìgbà tó ti mọ̀ wọ́n.

Òfin iṣẹ́ sì ni òfin iṣẹ́: kí atọ́wò tó bọ́ sórí ife míì, ó gbọ́dọ̀ jẹ búrẹ́dì, kó fi omi yọ́nu. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba òfin yìí gbọ́ ju bí ó ṣe gba àwọn tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé gbọ́ lọ. Níbẹ̀rẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni Atọ́wò ń gé. Nígbà tó yá, ó ń gé e nípọn díẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó ń fi bọ́tà sí i, èyí tí kò sí nínú òfin kankan, ọmọ náà kò sì bi í. Ó ń mu ààbọ̀ ife yìí, ààbọ̀ ife yẹn, ó ń bú u bó ṣe ń mu ún. Bàbá rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé, á fa imú. "Kí ló ń jóná nínú ilé yìí?" Àwọn méjèèjì á jọ dáhùn pé kò sí nǹkan.

Àwọn ọ̀sán kan wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá. Àgbàdo á máa ta nínú páànù. Atọ́wò á gbàgbé ohun tó ń wá, á kàn máa wo ọwọ́ ọmọ náà tó yí ife ká, á sì dà bí ẹni pé wọ́n ti wà nínú yàrá pupa yẹn tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó kú, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà á mu tiẹ̀ tán, á wo ìsàlẹ̀ ife.

"Ó kù díẹ̀," á ní. Ọ̀rọ̀ tó wá ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn.

Atọ́wò á tún iyọ̀ ṣe. "Ó kù díẹ̀." Á dín àgbàdo kù. "Ó ṣì kù díẹ̀." Ọlidé ń sún mọ́lé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ó ti ń rò ó pé bóyá ahọ́n òun ti ń di ti àgbàlagbà, pé nǹkan kan wà nínú tíì yẹn tí òun kò gbọ́ nígbà yẹn, tí òun kò sì ní lè gbọ́ láé.

Ìyá Àgbà kò yẹ àdéhùn. Ọjọ́ tí ilé ìwé padé gan-an ló dé, pẹ̀lú báàgì òfìfo lọ́wọ́ tó fẹ́ fi kó aṣọ ọmọ. Kò tíì jókòó tó fi na ọwọ́, ó fi ìka méjì yí ọrùn ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ká. Ìka náà kò pàdé mọ́. Ó tún un wọ̀n bóyá òun ṣì í wọ̀n. Aránṣọ kì í gba ìwọ̀n ẹlòmíì gbọ́, àmọ́ kò lè jiyàn pẹ̀lú tirẹ̀.

"Hùn," ló wí. "Ẹ gbé tíì tí ẹ ń fún un wá kí n rí i."

Atọ́wò mú agolo pupa sọ̀kalẹ̀. Ohun tí òun àti ọmọ náà pò pọ̀ lánàá ló wà nínú rẹ̀. Ó pò ó, ó sì gbé e fún Ìyá Àgbà. Ó mọ̀ pé kò tíì rí bó ṣe yẹ kó rí. Ọmọ náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń fi ọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́.

Ìyá Àgbà mu ún lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ó fi ife náà sórí itan, ó wo iwájú, síbi tí kò sí nǹkan kan.

"Ọmọ mi," ló wí.

Kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà ló ń pè. Omijé dà wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò nù ún. "Báyìí ló máa ń rí. Báyìí gẹ́lẹ́. Ó máa ń gbé e wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á ní, Màmá, ẹ sinmi díẹ̀." Ó tún mu ún, pẹ̀lú omijé. Nígbà tó yá, ó fa ìborùn, ó nu ojú, ó sì rántí ara rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i bí? Mo sọ fún yín pé òríjínà ni kẹ́ ẹ rà! Ohun tó dáa ò fara sin. Ṣé ẹ̀ ń rí bí ara ọmọ ṣe padà?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n Atọ́wò, gbogbo rẹ̀. Ọ̀rá funfun, èèpo tí wọ́n dà bò ó, ilé ìtajà tí ń ta ayédèrú. Ó gbé e mì.

"Ẹ ṣeun mà," ló wí. "A ti gbọ́."

Ìyá Àgbà mu ife kejì. Ó ká báàgì òfìfo rẹ̀ ní mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ abíyá. "Ẹ máa mú un wá kí mi," ló wí, ó sì jẹ́ kí àna rẹ̀ sìn ín lọ síbi ọkọ̀.

Atọ́wò àti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló kù ní kíṣìnnì, ife tí Ìyá Àgbà lò wà láàárín wọn lórí tábìlì.

"Ìyá Àgbà dá tíì náà mọ̀," ni Atọ́wò wí.

Ọmọ náà fi ìka yí etí ife náà ká.

"Láti ìgbà wo ló ti rí bíi ti Mọ́mì?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tó o wá ń sọ pé ó kù díẹ̀?"

Ohùn kékeré ló fi dáhùn. "Tí mo bá ní ó ti pé, ẹ ò ní pè mí síbí mọ́."

Atọ́wò fà á mọ́ra. Ó sunkún, kò sì fi í pamọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, ó gbé omi kaná.